Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán Màmá

Oorun tí aránṣọ sùn mọ́jú ọjọ́ náà dùn débi pé nígbà tó lajú, ó kọ́kọ́ rò pé ara òun kò yá ni. Ìmọ́lẹ̀ ti gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó tẹ́tí sílẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Kò sí ẹsẹ̀ tó ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí ẹni tó ń gbá ìlẹ̀kùn kiri, kò sí ohùn ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń kígbe pé ìyẹ̀fun ti wú, kí gbogbo ẹ̀yin ọ̀lẹ dìde, kí iná ààrò má kú. Àwọn àgbà ní ilé tó bá tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Ṣùgbọ́n ta ni í rántí òwe nígbà tí oorun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lójú rẹ̀? Aránṣọ dúpẹ́, ó nara títí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ fi ró, ó sì dìde.

Ọkọ rẹ̀ ti jáde. Bíríkìlà ni, ilé alájà mẹ́rin ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, ọ̀gá wọn kì í sì í gba àwáwí lẹ́nu ẹni tó bá pẹ́. Ó ti jẹ búrẹ́dì tó wà lábẹ́ àwo, ó ti mu tíì, ó sì da ojú ife náà dé sórí tábìlì, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé òun kò dúpẹ́.

Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti lé lóṣù kan. Ohun tó fà á ni pé aránṣọ béèrè lọ́jọ́ kan bóyá òun nìkan ni ọkọ òun fẹ́ fún ìyá rẹ̀ ni, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ní yàrá mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kì í sùn kò fi lè gba ìyá tó bí i fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ọkọ fèsì pé ẹni tí ìyá tirẹ̀ kú sọ́wọ́ aládùúgbò kò gbọdọ̀ yanu níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ìyá. Ẹyin lohùn. Èyí bọ́, ó fọ́, kò sì sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti kó o nílẹ̀. Aránṣọ pa ẹnu mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọkọ náà pa tirẹ̀ mọ́; ojú ló ń tì í ni o, ìgbéraga ni o, ẹnikẹ́ni kò bi í.

Ká ní ọmọ wà nílé, ọmọ ni wọn ì bá máa rán sí ara wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn méjèèjì wà nílé-ìwé tí wọ́n ń gbé, kò ku ẹlòmíràn ju Màmá lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé obìnrin tí kò rántí bóyá òun ti jẹun àárọ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín tọkọtaya. "Màmá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé gáàsì ti tán." "Màmá, ẹ sọ fún ìyàwó yín pé mo ti gbọ́." Inú yàrá kan náà ni wọ́n sì wà, tábìlì kan ló là wọ́n láàárín.

Inú Màmá a máa dùn sí iṣẹ́ yìí. A dìde, a tún ìborí rẹ̀ wé, a lọ dúró níwájú ẹni tí wọ́n rán an sí, ẹni tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá ṣe rántí rẹ̀ ni yóò ṣe jẹ́ ẹ. Gáàsì tó tán lè di iyọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì lè di òjò. Bó bá jẹ́ ẹ tán, kì í jókòó. Yóò dúró gangan, yóò béèrè pé, "Kí ni kí n sọ fún un padà?" Nínú gbogbo ilé náà, òun nìkan ló kù tó ń dúró de èsì.

Aránṣọ kọjá lẹ́nu yàrá Màmá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó rí i pé ìlẹ̀kùn wà ní pípadé, kò ṣí i. Bó bá jí arúgbó yìí, ìsinmi ti parí nìyẹn. Ilé-ìwé fẹ́ wọlé, yunifọ́ọ̀mù tí kò tíì ní bọ́tìnì ga lórí àga ju èèyàn tó jókòó lọ. Ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń ta á lọ́kàn díẹ̀díẹ̀. Ní ìdájí, láàárín oorun, ó jọ pé òun gbọ́ ohun kan tó ró gbì. Ó rò pé Tíṣà tó ń gbé yàrá ọ̀kánkán ló ju bàtà sílẹ̀, ó sì yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Oògùn oorun tí wọ́n ń fún Màmá ló mú ìsinmi yìí wá. Oníkẹ́mísì tó wà ní ìkòríta, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà Kékeré nítorí ẹ̀wù funfun tó ń wọ̀, ló tà á fún un. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló rán ẹ̀wù náà. Ó mọ̀ pé kò sí dókítà kankan nínú rẹ̀. Dókítà Kékeré kò béèrè ọjọ́ orí ẹni tó fẹ́ lo oògùn, kò béèrè ohun mìíràn tó ń lò, kò béèrè bóyá ọkàn rẹ̀ dáa. Ó gé hóró mélòó kan kúrò lára sáṣẹ́ẹ̀tì, ó fi bébà wé e, ó ní, "Ẹ fún wọn ní kan lálẹ́. Kò léwu, omi lásán ni."

Kan lálẹ́ ni aránṣọ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, bí oníbàárà bá pọ̀ lọ́sàn-án, a fi ọ̀bẹ la kan sí méjì, a fún Màmá ní ìdajì kí ilé lè rọ̀. Kò pẹ́ tí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Ó ń wọ aṣọ tẹ̀yìn síwájú. Ẹnu rẹ̀ ń gbẹ, ọ̀rọ̀ ń wúwo lórí ahọ́n rẹ̀, ìtọ̀ ń bọ́ lára rẹ̀ sórí ibùsùn. Wọ́n ní ogbó ni. Gbogbo ará ilé gbà pé ogbó ni, nítorí kì í náni ní nǹkan kan láti gbà bẹ́ẹ̀. Bó ti ń sùn lọ́sàn-án ni kì í sùn lóru, bí kì í ti í sùn lóru ni wọ́n ń fún un lóògùn sí i. Oògùn ló dá egbò sílẹ̀, oògùn náà ni wọ́n sì ń dà sí i.

Lálẹ́ àná, aránṣọ ti ọ̀dọ̀ olówùú dé, ó bá ọkọ rẹ̀ tó ti sùn lọ lórí àga. Ó po tíì Màmá, ó lọ hóró kan sínú rẹ̀. Màmá gbójú sókè, ó ní, "Ìyàwó, ọmọ mi ní kí n sọ fún ọ pé..." Ó ti rẹ aránṣọ dé egungun, kò sì ní etí tí yóò fi gbọ́ ohunkóhun tó ti ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó fi ife kan Màmá lẹ́nu, ó ní kó mu tíì rẹ̀ kó tó tutù. Màmá mu ún. Nígbà tó fi máa mu ún tán, ọ̀rọ̀ náà ti sọ nù.

Oòrùn ti ń ga nígbà tí ẹnìkan kan ìlẹ̀kùn. Tíṣà ni, àpọ́n tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti fi ẹjọ́ Màmá sun ẹni tó ń gbowó ilé, pé òun kò lè máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí òun sì máa tòògbé, nítorí arúgbó kan tó ń kan ìlẹ̀kùn òun lóru pé kí òun wá po ìyẹ̀fun. Ẹni tó ń gbowó ilé ti ní bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí wọ́n wá ilé mìíràn lọ. Lónìí, Tíṣà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun wá dúpẹ́ ni, pé lánàá, òun rójú sùn. Ó tún rẹ ohùn sílẹ̀, ó béèrè orúkọ oògùn tí aránṣọ ti sọ fún un pé òun ń fún Màmá, nítorí oorun kì í tètè kun òun náà mọ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìdánwò ti dé.

Aránṣọ ní òun yóò wo bébà rẹ̀. Tíṣà yí padà, ó tún dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà ní bálùwẹ̀ láti àárọ̀? Mo ti kànkùn títí ó fi sú mi. Omi inú ife ni mo fi bọ́jú."

Ẹsẹ̀ aránṣọ kúrò lórí máṣíìnì. Àwọn àti Tíṣà nìkan ló ń lo bálùwẹ̀ náà. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, òun nìyí, Tíṣà nìyí.

Ó sáré ṣí yàrá Màmá. Aṣọ ìbora wà nílẹ̀, ibùsùn ti tutù. Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, Tíṣà ti fi èjìká ti ìlẹ̀kùn bálùwẹ̀. Ó gbà díẹ̀, ó dúró. Ẹnikẹ́ni kò tì í. Ara èèyàn ló dì í mú láti inú.

Orí sìmẹ́ǹtì tó tutù ni Màmá wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kọjú síbi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Bàtà ọmọ rẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, tirẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ òsì. Ó ti mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ funfun tí aránṣọ fẹ́ fi rán yunifọ́ọ̀mù, ó so ó mọ́dìí dáadáa, bí àwọn oníbúrẹ́dì ṣe ń ṣe. Ó ń mí, ṣùgbọ́n èémí náà jìnnà síra. Tó o bá gbọ́ ọ̀kan, wàá ráyè gbàdúrà kí òmíràn tó dé. Aránṣọ pè é, ó gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́, ó wọ́n omi sí i lójú. Ìpéǹpéjú rẹ̀ gbọ̀n, kò ṣí.

Tíṣà ló gbé e. Ẹni tó ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn lẹ́ẹ̀mejì gbé e jẹ́jẹ́, ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú..." Kò parí òwe náà. Aránṣọ mọ ìyókù rẹ̀: bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kò fẹ́ wo ẹ̀yìn.

Kí takisí tó dé, ojú ilé ti kún. Wọ́n ń kẹ́dùn lóhùn òkè, wọ́n ń sọ tiwọn lóhùn ìsàlẹ̀. Ọ̀kan ní ogbó kò ṣe é kọ̀. Òmíràn ní òun kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé ariwo máṣíìnì ni wọ́n fẹ́ràn ju ohùn ìyá ọkọ lọ. Obìnrin kan tó san àsanlẹ̀ fún yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ kẹ́dùn títí, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì béèrè bóyá ti ọmọ òun ti jáde. Aránṣọ nawọ́ sí orí àga. Obìnrin náà lọ mú un.

Ní ìkòríta, takisí dúró kí àwọn ọkọ̀ yòókù kọjá, iwájú ìsọ̀ Dókítà Kékeré gan-an. Aránṣọ na orí síta, ó bi í bóyá hóró kan lè pa èèyàn. Ọkùnrin náà sún mọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó wo ẹni tó nà sẹ́yìn, ó sì sún sẹ́yìn. Ó ní kan kò lè pa èèyàn.

"Àbí wọ́n mu ju kan lọ ni? Ṣebí ọkọ yín náà ra tiẹ̀ lánàá. Mo rò pé òun ló fẹ́ lò ó."

Nígbà tí ọkọ̀ fi máa ṣí, ó ti wọ inú ìsọ̀, ó ń bọ́ ẹ̀wù funfun.

A kò ní purọ́ mọ́ aránṣọ. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn nínú takisí yẹn kì í ṣe àánú. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé ọkọ òun ló ṣe é. Ẹni tó fi ikú ìyá òun bú òun, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fún ìyá tirẹ̀ ní májèlé. Ó gbé orí Màmá lé itan, ó ń nu itọ́ ẹnu rẹ̀, ohun kan tó fara jọ ayọ̀ sì ń rìn kiri nínú rẹ̀, ó sì ń bà á lẹ́rù.

Ní ọsibítù, wọ́n gbé Màmá wọ ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n fi pín yàrá. Wọ́n fi ohun ìmí bò ó nímú, wọ́n so omi sí i lápá. Owó tí àwọn òbí ti san fún yunifọ́ọ̀mù ni aránṣọ kó kalẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbowó. Nọ́ọ̀sì kan tó sanra, tó ní ohùn ìyá ọlọ́mọ púpọ̀, jáde wá bi í kí ni wọ́n fún Màmá lò.

"Wọn kò lo nǹkan kan, mà. Ogbó ni."

Nọ́ọ̀sì wò ó díẹ̀, ó padà wọlé.

Ọkọ rẹ̀ dé, Tíṣà ló ti pè é lórí fóònù. Sìmẹ́ǹtì wà lára rẹ̀ dé irun ìpéǹpéjú. Kò kí i, kò béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó kàn yọjú wo ẹ̀yìn aṣọ, ó padà, ó sì jókòó sí ìpẹ̀kun kejì bẹ́ǹṣì náà. Èèyàn mẹ́ta lè jókòó sáàárín wọn. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tún jáde. Ó ní egungun itan Màmá ti dá, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń ba àwọn lẹ́rù. Ó ní oorun tó wà lójú Màmá kì í ṣe oorun Ọlọ́run, oògùn ló wà lára rẹ̀, àwọn sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ àti bó ti pọ̀ tó, kí àwọn má lọ fi oògùn tàwọn lé e lórí kí èémí náà dúró pátápátá.

"Ẹ̀mí wọn wà lẹ́nu yín. Mo dúró."

Bíríkìlà ń wo ọwọ́ rẹ̀. Aránṣọ ń wo bíríkìlà. Bó bá ń bá a lọ láti máa wò ó bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà ni yóò jẹ́wọ́, ti hóró kan péré, gbogbo ẹ̀bi yóò sì jókòó sí orí rẹ̀ títí ayé. Yóò rí nǹkan fi bú u títí àwọn méjèèjì yóò fi darúgbó. Ohun tó ní láti ṣe kò ju kó dákẹ́ lọ, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Láti ẹ̀yìn aṣọ, wọ́n gbọ́ tí Màmá mí. Èyí tó tẹ̀ lé e kò tètè dé. Aránṣọ dúró dè é. Kò dé. Ó ti dìde dúró kó tó mọ̀ pé òun ti dìde.

"Mo fún wọn ní hóró kan nínú tíì lálẹ́ àná," ó ní. Ó fa bébà oògùn náà yọ nínú àpò, ó nà án sí nọ́ọ̀sì. Èémí kejì dé. "Mo fún wọn ní ìdajì lọ́sàn-án. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fún wọn."

Bíríkìlà gbé orí sókè.

"Èmi náà fún wọn ní kan. Kó tó ti ọjà dé."

Nọ́ọ̀sì gba bébà náà. Ó wo ọkọ, ó wo ìyàwó.

"Ilé kan náà ni ẹ ń gbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ kì í bá ara yín sọ̀rọ̀ ni?"

Bíríkìlà tún ń wo ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì bá àwọn tó ń dákẹ́ gbélé.

Ó di ọ̀sán kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin tó dé. Eyínfúnjowó ni aránṣọ ń pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó, nítorí ẹ̀rín rẹ̀. Ẹ̀rín náà sì ni gbogbo ohun tó máa ń mú wá bó bá wá kí ìyá rẹ̀. Lónìí, ẹkún ló mú wá, àti ọsàn mẹ́ta nínú ọ̀rá. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹkún náà láti ẹnu ọ̀nà kí gbogbo aláìsàn lè mọ̀ pé ọmọ dé. Ó ní wọ́n ti fi oògùn pa ìyá òun. Ó ní nítorí aṣọ rírán. Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti mú ìyá òun lọ sílé òun tipẹ́.

Aránṣọ jẹ́ kó parí.

"Ilé yín ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Bí wọ́n bá dá Màmá sílẹ̀, ibẹ̀ la ó gbé wọn wá."

Ẹkún náà já lójijì. Eyínfúnjowó wo fóònù rẹ̀. Ó ní ẹnìkan ń dúró de òun, pé òun yóò padà wá, pé kí wọ́n bó ọsàn náà fún Màmá bó bá jí. Nígbà tó lọ tán, bíríkìlà kò gbèjà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà ló máa ń gbèjà rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Dókítà tó wá bá wọn jẹ́ ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò fojú kan ibùsùn láti ìjẹta. Aṣọ funfun tí Màmá so mọ́dìí ló mú lọ́wọ́. Ó béèrè iṣẹ́ tí Màmá ń ṣe kó tó darúgbó.

Bíríkìlà ní búrẹ́dì ni. Ó ní kí òun tó gbọ́njú ni ìyá òun ti ń dìde lóru láti dáná ààrò, kí búrẹ́dì lè gbóná nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń kọjá. Búrẹ́dì yẹn ni wọ́n fi tọ́ òun àti Eyínfúnjowó.

Dókítà ní ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ dìde lóru kò ṣàìsàn bó bá ń dìde lóru. Iṣẹ́ ló ń lọ. Ó ní wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ó bi wọ́n kí ni Màmá ń ṣe lọ́sàn-án. Aránṣọ ní ó ń sùn. Ta ló ń mú un jáde sí oòrùn? Kò sí. Ta ló ń bá a sọ̀rọ̀? Àwọn méjèèjì ló ń bá a sọ̀rọ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ náà tó jẹ́ tirẹ̀.

Dókítà wá ń sọ ọ́ fún wọn, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu tó ń yán. Kí wọ́n mú un jáde láàárọ̀ kí oòrùn bà á lójú. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà bá san, kó máa rìn dé ìkòríta kó padà. Kí ọwọ́ rẹ̀ rí nǹkan ṣe lọ́sàn-án, kó má lọ sùn gbọọrọ lẹ́yìn oúnjẹ. Kó tètè jẹun alẹ́. Kí iná yàrá má mọ́lẹ̀ jù, kí wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹsẹ̀ fún un lásìkò kan náà lójoojúmọ́. Kí tíì má kan ẹnu rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ lọ, nítorí tíì a máa lé oorun. Bó bá sì dìde lóru pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, kí wọ́n má bá a jà, kí wọ́n bu ìyẹ̀fun díẹ̀ fún un kó pò ó.

Aránṣọ gbọ́ ti tíì, ó wolẹ̀. Inú tíì ló ń lọ oògùn oorun sí.

Ohun tó wá dùn ún jù ni pé ó mọ̀. Ọjọ́ kan wà tó gbé abọ́ bọ́tìnì fún Màmá ní ìta, pé kó bá òun ṣà wọ́n ní àwọ̀-àwọ̀. Oòrùn ń ràn sí Màmá lára, ó ń kọrin, ó ṣà wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́. Ó sùn mọ́jú lọ́jọ́ náà láìmu nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ó kó gbogbo rẹ̀ papọ̀ padà kí ó lè tún wọn ṣà. Oníbàárà ń dúró, orí aránṣọ gbóná, ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ló ṣì wà. Bọ́tìnì tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan lọ, òun ló fi du ìyá kan.

Bí dókítà ti ń lọ, bíríkìlà ṣí ẹnu. Ògiri ló kọjú sí.

"Mo sùn lọ lórí pákó tí à ń dúró lé ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lájà kẹta. Ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló di aṣọ mi mú lẹ́yìn." Ó fi èékánná ha sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́. "Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ra oògùn náà."

Aránṣọ gbọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ló ń bo oúnjẹ sílẹ̀ fún ọkùnrin yìí, tó ń rí i tó ń jẹ ẹ́, kò sì mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí òun di opó. Ó wá èsì láti fún un. Gbogbo èyí tó rí jẹ́ èyí tó yẹ kó ti sọ lóṣù tó kọjá. Ó bó ọsàn kan, ó pín in sí méjì, ó gbé ìdajì sórí bẹ́ǹṣì sí àárín wọn. Ìdajì náà wà níbẹ̀.

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó ní kí wọ́n wọlé. Aránṣọ dúró lápá ọ̀tún ibùsùn, bíríkìlà dúró níbi ẹsẹ̀ tí wọ́n ti dì. Màmá ti dín kù láàárín ọjọ́ kan. Wọ́n ti bọ́ ìborí rẹ̀, irun rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun tí a kò tíì pò. Èémí rẹ̀ ń tẹ̀ lé ara wọn bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ là, ó ń wá nǹkan kiri òkè àjà, ó sì rí aránṣọ.

Inú rẹ̀ dùn. Ó gbìyànjú láti gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, bí ẹni tó fẹ́ dìde dúró kó tó sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ wá ìborí rẹ̀, kò rí i. Ahọ́n rẹ̀ ṣì wúwo, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ tán lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sí èyí tó di iyọ̀ tàbí òjò nínú rẹ̀.

"Ìyàwó, ọmọ mi ní kí n sọ fún ọ pé òun ti fún mi lóògùn. Ó ní kí o má wulẹ̀ fún mi mọ́."

Aránṣọ di irin ibùsùn mú. Níbi ẹsẹ̀, bíríkìlà fi ọwọ́ tó ní sìmẹ́ǹtì bo ojú.

"Mo ti gbọ́, Màmá," aránṣọ ní. "Ẹ ṣeun. Mo ti gbọ́."

Màmá mi orí. Ó ti jíṣẹ́, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó wo aránṣọ títí, pẹ̀lú sùúrù ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́.

"Kí ni kí n sọ fún un padà?"

Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò jìnnà ju gígùn ibùsùn lọ. Aránṣọ la ẹnu. Nọ́ọ̀sì ń to ife kiri, ẹnìkan ń wúkọ́ lẹ́yìn aṣọ kejì. Màmá kò sùn. Ó la ojú sílẹ̀, ó ń dúró de iṣẹ́ tí wọn yóò rán an.